Alákàn ayálégbé tàbí ìgbín: èwo ni kí ẹ rà sílé l'Óṣogbo?

Ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun ọ̀sìn kékeré, ẹ sì ti rí alákàn tó ń gbé ìkarahun kiri (hermit crab) lórí fóònù. Kí ẹ tó náwó, ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbín.

Onílé ni ìgbín, òun ló ń mọ ilé tirẹ̀. Ẹ lọ èèpo ẹyin kúnná fún un, ó parí. Ayálégbé ni alákàn yìí. Bó ṣe ń dàgbà ló ń wá ilé tó tóbi sí i, nítorí náà ẹ to òfìfo ìkarahun mẹ́ta ó kéré tán síbẹ̀ fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìkarahun ìgbín tí ẹ ti jẹ ẹran inú rẹ̀, tí ẹ sè dáadáa, á wúlò. Ẹ má ra èyí tí wọ́n kùn lọ́dà. Nígbà tó bá fẹ́ kó lọ, á ti apá òsì rẹ̀ tó tóbi bọ ẹnu ìkarahun, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, á wá fa ìdí rẹ̀ rírọ̀ yọ, ó ti wọ tuntun kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló le jù. Ohun tí alákàn fi ń mí jọ ti ẹja, ó gbọ́dọ̀ máa tutù. Ọ̀rinrin ibùgbé rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 75 nínú 100. Bí ọyẹ́ bá dé, ìgbín á wọlé, á fi awọ funfun dí ẹnu ọ̀nà, á sùn títí òjò á fi rọ̀. Alákàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń kú. Àpótí gíláàsì tó ní ìdérí ni kí ẹ rà, kì í ṣe àgò onírin.

Ìgbín ò fẹ́ iyọ̀ rárá, ó ń pa á. Abọ́ omi méjì ni ti alákàn: omi tí kò ní kílórínnì (kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ), àti omi tí a fi iyọ̀ òkun pò, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. A jìnnà sókun níbí, ẹ ó ránṣẹ́ rà á ni.

Iyanrìn tútù gbọ́dọ̀ jìn tó 15 cm, torí alákàn ń rì mọ́lẹ̀ láti pààrọ̀ awọ, ó sì lè pẹ́ ju oṣù kan lọ. Mo hú ọ̀kan jáde rí, mo rò pé ó ti kú. Ọwọ́ mi ló pa á, ó sì dùn mí gan-an.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10, ìgbín ni mo fọwọ́ sí. Ó wà lọ́jà, ewé ìbẹ́pẹ tó o. Kí ọmọ ṣáà máa fọwọ́ tó bá ti fọwọ́ kàn án. Alákàn ń lò ju ọdún 10 lọ bí ìtọ́jú bá péye, inú igbó etí òkun ni wọ́n ti ń mú un, kò sì fẹ́ràn àdágbé. Bí òun lẹ bá yàn, ẹ mú méjì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ to gíláàsì, iyanrìn àti omi fún ọ̀sẹ̀ kan.