Àwàdà dókítà àti àwàdà aláìsàn: èwo ló tuni lára jù?

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rín ń gbà wọ yàrá dókítà: kí dókítà fúnra rẹ̀ dá àpárá, tàbí kó dúró de èyí tí aláìsàn bá dá, kó sì bá a gbè é.

Èyí tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ ló láàbò jù. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán ṣe yẹ̀yẹ́ ti fi ibi tí ẹ̀rín lè dé hàn. Kí dókítà rẹ́rìn-ín, kó fi gbólóhùn kan lé e, kó padà sídìí iṣẹ́. Àmọ́ àwọn kan máa ń fi àwàdà bo ìbẹ̀rù mọ́lẹ̀. Bí aláìsàn bá ní, "Dókítà, ṣé kí n ti lọ ra pósí ni?", ẹ̀rín nìkan ò tó. Kó bi í pé, "Kí ló ń bà yín lẹ́rù jù?", kó sì dákẹ́ gbọ́ ọ.

Èyí tí dókítà bá dá wúlò fún nǹkan kéékèèké, bí abẹ́rẹ́ tàbí yíyọ okùn ojú ọgbẹ́. Ara rẹ̀ tàbí irinṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ṣẹ̀fẹ̀, kì í ṣe ìsanra tàbí àrùn ẹni náà. Fún ọmọdé, kó kọ́kọ́ yẹ àyà bèbí ìṣeré rẹ̀ wò. Àkókò ló sábà máa ń bà á jẹ́: àpárá tó bá bọ́ sí àkókò ìròyìn búburú dà bí àìkanisí pọ́nbélé. Ẹ̀rín tún lè gbé ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, nítorí náà kí aláìsàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún níkùn ńkọ́? Ẹ̀rín á fa ìrora fún un. Kó gbá ìrọ̀rí mọ́ ojú ọgbẹ́.

Bí àpárá kan ò bá mú kí aláìsàn tújú ká, kí dókítà má dá ìkejì.