Ìkìlọ̀: ẹni tó bá wá ràn yín lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì ní Gare du Nord, ẹ sá fún un

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní London, tẹ́ ẹ fẹ́ mú ìyá tàbí àwọn ọmọ lọ fi ọjọ́ mẹ́ta najú ní Paris, ẹ dúró ka èyí ná kẹ́ ẹ tó di ẹrù. 120 yúrò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, lójú ọ̀sán gangan. Wọn ò yọ ọ̀bẹ, wọn ò já mi ní báàgì. Èmi fúnra mi ni mo ka owó náà lé wọn lọ́wọ́, mo tún ní ẹ ṣé.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni. Màámi wá kí wa láti Ìbàdàn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé àádọ́rin ọdún. Èmi àti àbúrò mi obìnrin bá pinnu pé kí wọ́n tó padà sílé, wọ́n á fojú kan Eiffel Tower tó máa ń wà nínú kàlẹ́ńdà ara ògiri ilé wa nígbà tá a wà ní kékeré. Físà Schengen ti wà nínú pásípọ́ọ̀tù wọn láti Èkó kí wọ́n tó wọ bàálù. A wọ ọkọ̀ ojú irin Eurostar ní St Pancras láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ la sì fi dé Gare du Nord, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá kan ní Paris.

Ẹni tí kò bá mọ Gare du Nord, kó ronú Ìwó Róòdù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kó wá fi òrùlé irin àti dígí bò ó. Ọkọ̀ London ń já èrò síbẹ̀, ọkọ̀ Brussels ń já èrò síbẹ̀, ti ìgbèríko àti ti abẹ́ ilẹ̀ náà ń já èrò síbẹ̀. A sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì métro, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, wà. Àpótí mẹ́rin la gbé dání (ẹ má bi mí léèrè ohun tí Màámi dì fún ọjọ́ mẹ́ta). Èdè Faransé ló wà lójú ẹ̀rọ, àbúrò mi ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, àwọn tó tò sẹ́yìn wa sì ti ń pòṣé.

Ibẹ̀ ni bọ̀dá kan ti yọ sí wa. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì búlúù tó mọ́, ó fi okùn gbé káàdì kọ́rùn bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ owó rárá. Ó béèrè ibi tá a ti wá, a ní Nàìjíríà, ló bá pariwo, "Okocha!" Ẹ ẹ̀ gbàgbé pé Okocha gbá bọ́ọ̀lù fún Paris Saint-Germain láti 1998 sí 2002. Màámi tí wọn ò gbọ́ Faransé kankan gbọ́ Okocha dáadáa, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe di ará ilé nìyẹn.

Ó ní ẹ̀rọ yẹn kì í gba káàdì báǹkì ilẹ̀ òkèèrè. Irọ́ ni. Ó ní òun á fi káàdì tòun ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa, ká kó owó lé òun lọ́wọ́. Ó yọ káàdì pẹlẹbẹ mẹ́ta látinú àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń gbé wọn lé ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ sì yá débi pé ohun tó ń tẹ̀ kò dúró tá a fi lè kà á. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti fura. Òṣìṣẹ́ wo ló ń kó káàdì ọkọ̀ kiri nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì? Ó ní ọjọ́ mẹ́ta la máa fi wọkọ̀, gbogbo Paris, wíwọ̀ kíwọ̀, 40 yúrò lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Mo ṣe é sí pọ́n-ùn lórí, mo fi wé owó ọkọ̀ London, mo ní kò burú.

Ó tẹ̀ lé wa dé ẹnu géètì. A gbé káàdì lé e, géètì ṣí fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màámi yíjú padà, wọ́n súre fún un: "Ibi tó o bá ń lọ, wà á máa rẹ́ni ràn ọ́ lọ́wọ́." Kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó kàn tẹríba.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, a dé ibùdókọ̀ tó wà nítòsí hòtẹ́ẹ̀lì wa, géètì yarí. Iná pupa. A tún gbìyànjú, iná pupa. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn dígí gba káàdì náà, ó gbé e lé ẹ̀rọ tirẹ̀, ó wò wá bí ìgbà tí dókítà bá ń wo aláìsàn tó ti rí irú ẹ̀ mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Òfo ló wà nínú káàdì. Navigo Easy ni wọ́n ń pè é, 2 yúrò ni wọ́n ń tà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ni ọkùnrin yẹn ra sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 2.50 yúrò. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀: 4.50 lọ́nà mẹ́ta, 13.50 ni gbogbo ohun tó ná. Ó fi 106.50 yúrò sápò nítorí pé ó mọ orúkọ Okocha.

Màámi ò fọhùn títí a fi jẹun ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Mo gba àdúrà mi padà."

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn á sọ, pé ṣé àwa ọmọ Nàìjíríà tá a mọ gbájúẹ̀ látìgbà ìwáṣẹ̀ la tún bọ́ sọ́wọ́ tàwọn òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni, a bọ́ sí i. Géètì tó ṣí yẹn ló mú wa. Ká ní káàdì náà kò ṣiṣẹ́ níṣojú rẹ̀, a ò bá dì í láṣọ mú. Ó ra ẹ̀ẹ̀kan tó máa ṣiṣẹ́ yẹn síbẹ̀ kó lè rí àyè lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá máa fi mọ̀, ẹ ti wà ní òdìkejì ìlú, ọjọ́ sì ti yí. Ẹlòmíràn tiẹ̀ máa ń bá àyẹ̀wò pàdé nínú ọkọ̀, àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ò ní bá a ṣàwàdà, á tún san owó ìtanràn lé èyí tí wọ́n ti jẹ.

Iye tó tọ́ nìyí, bó ṣe wà nígbà tá a lọ ní 2025. Ẹ̀ẹ̀kan nínú métro tàbí RER (ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ dé ìgbèríko) jẹ́ 2.50 yúrò, ibi yòówù kẹ́ ẹ lọ ní àgbègbè Paris, àfi pápákọ̀ òfurufú. Ti pápákọ̀ òfurufú dá dúró, 13 yúrò ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan, wíwọ̀ kíwọ̀, 12 yúrò. Ti ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ 31.60 yúrò, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú ni, kì í ṣe ọjọ́ méje láti ìgbà tẹ́ ẹ bá rà á. Ẹni tó bá rà á lọ́jọ́ Jímọ̀, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló rà. Ẹnì kan ò sì lè lo káàdì Navigo Easy ẹnìkejì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ló gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń gba káàdì báǹkì yín, ti Nàìjíríà nìkan ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Àsíá kékeré kan wà lójú rẹ̀ tẹ́ ẹ máa tẹ̀ kó lè sọ Gẹ̀ẹ́sì fún yín. Káàdì yòówù tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ gbé e padà lé ẹ̀rọ lójú ẹni tó tà á, ẹ̀rọ á fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kò ní gbà yín, òun ni ì bá sì gba 120 yúrò mi là.

Ti takisí náà tún wà, bẹ́ẹ̀ owó ibẹ̀ ló tún ga jù. Ní pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle, kẹ́ ẹ tó jáde síta làwọn agbèrò á ti máa sọ ọ́ sí yín létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: takisí, takisí. Agbèrò ni wọ́n lóòótọ́, wọn ò kàn wọ aṣọ tẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n mọ́ ni. Ọkọ̀ takisí gidi kì í wá oníbàárà wọlé. Ó máa ń tò síta níbi tí wọ́n kọ Taxis sí, ó ní pátákó Taxi Parisien lórí, iná rẹ̀ á jẹ́ àwọ̀ ewé tó bá ṣófo, á sì di pupa tó bá ti gbérò. Iye owó rẹ̀ láti Charles de Gaulle wọ Paris ti wà nínú òfin: ní 2025, 56 yúrò ni bẹ́ ẹ bá ń lọ sí apá àríwá odò Seine, 65 bẹ́ ẹ bá ń lọ sí apá gúúsù. Ọkọ̀ ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe orí, ẹrù ò sì ní kún owó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rántí, ní 2018 ni tọkọtaya kan láti Thailand wọ ọkọ̀ ayédèrú takisí kan níbẹ̀, awakọ̀ náà béèrè 247 yúrò lọ́wọ́ wọn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọ́n ń ká a sórí fóònù bó ṣe ń pariwo. Fídíò yẹn ló gbé e dé ilé ẹjọ́, ó sì rẹ́wọ̀n he.

Ní Gare du Nord, wọ́n á ní ìlà takisí ti gùn tó wákàtí méjì. Ẹ lọ fojú ara yín wò ó. 

Àwọn tó ń so òwú mọ́ni lọ́wọ́ nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur lórí òkè Montmartre, ẹ ti gbọ́ tiwọn. Ohun tí ẹ lè má tíì gbọ́ ni pé àwọ̀ wa ni wọ́n fi ń pè wá. "Mama Africa!" ni wọ́n fi kí Màámi, ọ̀kan ti nawọ́ kó dì wọ́n níka mú. Ẹ kó ọwọ́ sápò, ẹ má dúró dáhùn. Bí òwú yẹn bá ti wọ ìka yín, ó di gbèsè. Ọkọ̀ kékeré tó ń gun òkè náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, tíkẹ́ẹ̀tì métro ló ń lò, òun ni kẹ́ ẹ gbé àgbàlagbà wọ̀. Ti àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé ìwé kiri kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, bẹ́ ẹ bá ti ń kọ orúkọ, ẹnìkejì wọn á máa kọ́wọ́ bọ báàgì. Ní Métro, jàgùdà fẹ́ràn ẹnu ọ̀nà: ilẹ̀kùn á fẹ́ pa dé, á já fóònù gbà, á fò jáde.

Paris nìkan kọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ ṣẹ́ owó ní Prague, ó rí òdo kọmíṣọ̀n tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú wíńdò, ó kówó sílẹ̀, èyí tí wọ́n kó fún un padà ò tó nǹkan. Òfin kan wà níbẹ̀ láti 2019 tí kò mọ̀: bẹ́ ẹ bá ṣẹ́ owó tí kò ju 1,000 yúrò lọ, ẹ lè padà láàárín wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú rìsíìtì, kẹ́ ẹ ní ẹ ò ṣe mọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú títì níbẹ̀, owó orílẹ̀-èdè mìíràn tí kò níye lórí ni wọ́n sábà máa ń kó fúnni. Ní Rome, takisí funfun ni kẹ́ ẹ wá, ẹ sì di báàgì yín mú nínú bọ́ọ̀sì 64 tó ń ti ibùdókọ̀ ojú irin Termini lọ sí apá Vatican. Ní Barcelona, takisí dúdú àti yẹ́lò ni. Ní ìlú yòówù, bí ẹ̀rọ ATM bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó ṣírò rẹ̀ sí pọ́n-ùn, ẹ ní rárá, ẹ jẹ́ kó ṣírò rẹ̀ sí owó ìlú tẹ́ ẹ wà. Iye tí ẹ̀rọ á fi ṣẹ́ ẹ sí pọ́n-ùn fún yín kì í dáa.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ pe báǹkì yín kẹ́ ẹ tó sunkún. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní gbogbo ilẹ̀ European Union. Ẹ lọ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní àgọ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní commissariat ní Paris, torí iléeṣẹ́ ìbánigbófò ò ní dá yín lóhùn láìsí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀ àti ti físà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà nílé. Ọlọ́pàá gidi kò ní ní kẹ́ ẹ kó owó inú pọ́ọ̀sì yín jáde kóun wò ó. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ jọ rìn dé àgọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, a padà sí Gare du Nord láti wá wọ ọkọ̀ London. Màámi ló kọ́kọ́ rí i. Jákẹ́ẹ̀tì búlúù kan náà, káàdì ọrùn kan náà, ó dúró ti obìnrin kan tó gbé ọmọ méjì dání nídìí ẹ̀rọ, obìnrin náà sì ti ń ṣí pọ́ọ̀sì. Mo ní kí n wá ọlọ́pàá. Kí n tó yíjú, Màámi ti kọjá lọ, wọ́n na káàdì òfo yẹn sókè, wọ́n ń pariwo, "Okocha! Okocha!"

Ó yíjú. Ó rí wọn. Ó ti wọ àárín èrò kí n tó dé ibẹ̀.

Obìnrin yẹn ò gbọ́ Yorùbá, Màámi náà ò sì gbọ́ èdè tirẹ̀. Wọ́n fi káàdì hàn án, wọ́n mi orí, wọ́n fọwọ́ ṣe òdo. Obìnrin náà ti pọ́ọ̀sì bọ abẹ́ apá. Àbúrò mi bá a tẹ àsíá kékeré yẹn lójú ẹ̀rọ, ó dúró tì í títí ó fi ra tirẹ̀.