Ewùrà ò jábọ́: kíláàsì taichi tí mò ń lọ n'Íjẹ̀bú-Òde

Tọ́sìdeè tó kọjá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mò ń ti Òkè-Ajé bọ̀. Ewùrà ìkọ́kọrẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó wúwo. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì lé pákó tí wọ́n fi dábùú gọ́tà, pákó yí. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ti ké "Yéè, màmá!" Ṣùgbọ́n n kò tíì fi ara lé ẹsẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó wà lórí ilẹ̀ líle ló ṣì gbé mi ró. Mo fa tòsì padà, ewùrà ò jábọ́. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀.

Ẹni ọdún 66 ni mí. Lẹ́yìn Ojúde Ọba ọdún tó kọjá ni mo ṣubú ní balùwẹ̀, tí ọrùn-ọwọ́ mi kán. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ ti ń bà mí lẹ́rù.

Ìyẹn ló gbé mi dé kíláàsì taichi, eré ìdárayá Ṣáínà tí wọ́n ń ṣe jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ òfìfo àti ẹsẹ̀ kíkún ni olùkọ́ àgbà ibẹ̀ ń pe irú ìrìn tó gbà mí lórí pákó yẹn. Ẹsẹ̀ òfìfo ni ẹ ó gbé síwájú, kí gìgísẹ̀ kọ́kọ́ tọ́ ilẹ̀ wò, kí ẹ tó máa da ara sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń da epo láti inú kèrègbè kan sí òmíràn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi rìn báyẹn ní gbọ̀ngàn wọn. Qigong tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ńkọ́, ìdárayá Ṣáínà tí a fi ń mí jẹ́jẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Baduanjin, ìṣe mẹ́jọ péré? Mò ń ṣe é nílé láràárọ̀, èjìká mi ti rọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ò dúró o, ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ jáwọ́ nínú tiyín.

Àmọ́ n kò ní fi èyí tó dùn mí pamọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì mi, olùkọ́ àgbà lọ sí Èkó, ọmọkùnrin kan dúró fún un. Ó ní ká lóṣòó, ká wà bẹ́ẹ̀ títí òun yóò fi kà dé 100. Mo ní, "Ọmọ mi, orúnkún mi ò gbà á." Ó ní, "Màmá, ẹ fara dà á, ìrora yẹn ló ń ṣiṣẹ́." Ó wá fọwọ́ tẹ èjìká mi wálẹ̀! Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni orúnkún fi wú.

Mo fi ọ̀pá rìn padà lọ gba ìyókù ₦15,000 oṣù náà. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ò dìde, kò kí mi, fóònù ló ń tẹ̀. "Ẹ wo ẹ̀yìn rìsíìtì, mà." Wọ́n kọ ọ́ wínníwínní síbẹ̀ pé owó kì í padà. Ta ni wọ́n kọ ọ́ fún, àwa tí à ń fi awò kàwé? Ó ní òun kọ́ lòún kọ ọ́. Wákàtí méjì ni mo jókòó, kò sẹ́ni tó fi omi lọ̀ mí.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ àgbà wá sílé mi. Ó dọ̀bálẹ̀, kò ṣe àwáwí kankan. Ó ní ìṣe taichi 24 tí wọ́n ń kọ́ wa, ọdún 1956 ni wọ́n tò ó jọ ní Ṣáínà kó lè rọrùn fún gbogbo èèyàn. Bí èèyàn ṣe máa lọ sílẹ̀ tó, ara rẹ̀ ló máa sọ, kí orúnkún má sì kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún mi. Tí a bá dé ibi ìṣe tí wọ́n ń pè ní àkùkọ wúrà tó ń dúró lẹ́sẹ̀ kan, gbogbo ọwọ́ ni mo fi ń di àga yẹn mú tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ìka kan ni.

Owó mi ò padà. Ọmọkùnrin náà ṣì ń kọ́ àwọn èèyàn nírọ̀lẹ́, kò tíì bẹ̀ mí. Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, aago méje àárọ̀, màá wà níbẹ̀.