Mo san ₦15,000 fún ètò ọjọ́ méjìlá, láti Badagry dé Elmina

Láti kékeré ni mo ti ń wo òkun láti erékùṣù Gberefu, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀, tí wọn ò sì padà mọ́. Ó ń wù mí láti fojú rí àwọn ibi mìíràn tó dà bíi rẹ̀ ní etíkun yìí: Ouidah, Cape Coast, Elmina. Mo gba ìsinmi ọjọ́ méjìlá lẹ́nu iṣẹ́, mo ra báàgì ẹ̀yìn, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa pín ọjọ́ náà sí orílẹ̀-èdè mẹ́ta: Benin, Tógò àti Gánà. Ni mo bá lọ bá àǹtí kan ládùúgbò wa tó máa ń bá èèyàn kọ ètò ìrìn àjò lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, “Lọ di gbogbo ẹrù tó o fẹ́ gbé sínú báàgì yẹn, kó o gbé e wá.” Nígbà tí mo gbé e dé, wọ́n ní kí n gbé e kọ́ ẹ̀yìn. A jọ rìn láti Marina, níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, dé Vlekete, ọjà ẹrú àtijọ́, a tún rìn padà. Òógùn bò mí. Wọ́n ní, “Nínú bàtà mẹ́ta yẹn, méjì ò lọ.” Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú bíírò.

Ọjọ́ kìíní, kí n ré bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ kọjá, kí n sùn ní Àjàṣẹ́, ó parí. Mo rò pé wọ́n ń fi ọjọ́ mi ṣòfò ni, torí Àjàṣẹ́ ò jìnnà, Ègùn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ náà là ń sọ nílé ìyá mi. Àṣé wọ́n mọ̀ pé bọ́dà àti ṣíṣẹ́ náírà sí owó CFA ló máa jẹ ọjọ́ náà tán. Ọjọ́ kejì, Ganvié, abúlé orí omi, láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú lórí adágún Nokoué. Ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, Abomey, nítorí ààfin àwọn ọba Dahomey tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 1985. Ọjọ́ karùn-ún, Ouidah.

Ọjọ́ kẹfà, òfìfo. “Sinmi” nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo bá wọn jiyàn, mo ní kí wọ́n fi Grand-Popo sí i, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ní Ouidah, mo fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sétí òkun, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, títí dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mi ò lè dìde. Ẹsẹ̀ kọ́ ló ń dùn mí. Ká ní mo ní ọkọ̀ Lomé láti wọ̀ ní ìdájí ọjọ́ kejì ni, ǹ bá kàn ya fọ́tò, kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹfà ṣófo, mo padà lọ síbẹ̀ láàárọ̀, mo dá jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí. Fún ọjọ́ kan yẹn, mo lè san ju ₦15,000 lọ.

Wọ́n rán mi létí yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Wọ́n ní bí ECOWAS tilẹ̀ fún wa láyè àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, kí n rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù mi ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan. Níwájú Hilla-Condji, bọ́dà Benin àti Tógò, wọ́n kọ ọ́ sínú ètò náà pé, “Dá aago rẹ sẹ́yìn ní wákàtí kan,” torí aago Tógò àti ti Benin ò dọ́gba. Lomé àti Accra lọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Cape Coast náà bẹ́ẹ̀, àti Elmina, níbi tí àwọn Potogí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi ní 1482.

Ọjọ́ kejìlá ló bà jẹ́. Ètò ní kí n kúrò ní Elmina ní ìdájí, kí n sùn nílé mi ní Badagry lálẹ́ ọjọ́ náà. Bọ́dà mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà yẹn: Aflao, Hilla-Condji, Sẹ̀mẹ̀. Wákàtí kan tí mo jèrè nígbà àlọ, wọ́n gbàgbé pé mo máa dá a padà nígbà àbọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá kí n tó wọ Kútọnu. Mo san owó yàrá tí mi ò rò mọ́ ìnáwó, mo sì pa ọjọ́ iṣẹ́ kan jẹ. Inú bí mi gan-an.

Mo lọ sọ fún wọn. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n sì kọ “ọjọ́ méjì” sí ẹ̀gbẹ́ àbọ̀ lórí bébà tiwọn lójú mi. Ẹni tó bá ń lọ bá wọn, kó wo ibẹ̀ kó tó sanwó, kó má sì jẹ́ kí wọ́n yọ ọjọ́ òfìfo yẹn.