Mo gbé omi dáàmù Ẹlẹ́yẹlé lọ fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún kan: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Ẹja àrọ̀ ni mo ń sìn lẹ́bàá dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, n'Ìbàdàn. Láti 1942 tí wọ́n ti sé odò Ọ̀nà níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ nínú rẹ̀ fún ìlú. Èmi náà ń fi pọ́ǹpù fà á sí kòtò ẹja mi. Lọ́dún tó kọjá, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ lóru, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, ẹja mi ti ń yọ ẹnu sójú omi, wọ́n ń mí gúlegúle. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn apakoríko ni, àwọn mẹ́káníìkì sì wà lókè odò. Ni mo bá wá ilé àyẹ̀wò kan nígboro. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò kò dùn tán.

Ìgò ike ni mo fi bu omi lọ nígbà àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin tó jókòó ní káńtà ò jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀. "Ẹ má bínú sà, a ò lè gba èyí." Ó ní ike máa ń fa oògùn mọ́ra, á tún da ti ara rẹ̀ sómi. Ó fún mi ní ìgò gíláàsì aláwọ̀ bíi ti bíà, kí oòrùn má baà ba ohun tó wà nínú omi jẹ́. Ó kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ fi omi náà ṣan ìgò, torí èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò á sọ èsì di irọ́. Ẹni tó ti ń ṣan ìgò láti kékeré! Díẹ̀ ló kù kọ́wọ́ mi ṣe é. Inú kúlà oníyìnyín ló gbọ́dọ̀ wà, torí láàárín ọjọ́ 7 ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti yọ ohun tí wọ́n ń wá kúrò nínú omi. Ẹni tó lè lé owó padà nítorí ìgò, ó mọ iṣẹ́.

Òun náà ló ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ò tó. Lẹ́ẹ̀rùn, omi á fà, ohun tó wà nínú rẹ̀ á ki bí ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná. Àkọ́rọ̀ òjò á gbá oògùn oko àti ọ́ìlì títì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá fi máa di oṣù Keje, òjò á ti bù ú là. Mo lọ lóṣù Kejì, Kẹrin, Keje àti Kẹwàá. Owó ìgò kan tó àpò fíìdì méjì. Lóòótọ́, ti oṣù Kẹrin ló burú jù. Ti Keje pẹ́ nítorí iná ọba.

Ìwé èsì ló bí mi nínú. Níwájú oògùn apakòkòrò méjì, DDT àti lindane (lindane yìí ni Gammalin táwọn kan máa ń dà sódò pa ẹja láyé àtijọ́), "ND" ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pé àwọn ò rí i. Ẹni tó fi àwọ̀n olójú ńlá dẹ odò, ṣé ó lè ní kò séja wẹ́wẹ́ níbẹ̀? Ìwọ̀n tó kéré jù tí ẹ̀rọ wọn lè rí, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pè wọ́n kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi àti ọ̀rá ẹja làwọn oògùn yẹn ń sá sí, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi kí n bu ẹrẹ̀ wá. Òṣùwọ̀n omi mímu ti WHO, máíkírógíráàmù 2 lindane nínú lítà kan, ni wọ́n fi wọn tèmi. Ṣé ife omi kan lẹja ń mu ni? Inú ẹ̀ ló ń sùn.

Mo ṣì máa padà lọ lóṣù Kejì, tẹrẹ̀tẹrẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì ra yìnyín tiyín dání. Tiwọn ti máa ń yọ́ kẹ́ ẹ tó dé Ẹlẹ́yẹlé.