Kámẹ́rà WiFi, ti wáyà, ti sìm: èwo ló yẹ ilé yín l'Abẹ́òkúta?

Tẹ́ ẹ bá lọ ra kámẹ́rà tí ẹ ó máa wò lórí fóònù, megapixel ni wọ́n máa kọ́kọ́ pariwo fún yín ní ṣọ́ọ̀bù, eléyìí 3, eléyìí 5, ó mọ́ kedere. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Tí iná bá lọ lóru, ṣé á ṣì máa ká nǹkan sílẹ̀? Tí olè bá sì ti wọlé tó ti jáde, ibo ni fídíò yẹn wà? Ibẹ̀ gan-an ni oríṣi mẹ́ta tó wà lọ́jà ti yàtọ̀ síra.

Ẹni tó jẹ́ ayálégbé, ti WiFi ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, torí kò ní máa gbẹ́ ògiri lándílọ́ọ̀dù kiri. Ẹ fún un níná, ẹ gbé áàpù ẹ̀ sórí fóònù, áàpù á gbé QR code jáde, ẹ gbé e síwájú ojú kámẹ́rà, ó ti wọlé nìyẹn. Ibi tó ti máa ń há ni pé èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, 2.4GHz nìkan ló ń lò, ìyẹn ọ̀kan nínú oríṣi ìgbì tí WiFi ń gbà, router tuntun, àpótí tó ń pín WiFi, sì lè máa pín oríṣi kejì, 5GHz, mọ́ ọn lórúkọ kan náà, àwọn èèyàn á ní kámẹ́rà ò dáa, wọ́n á gbé e padà fún ẹni tó tà á, bẹ́ẹ̀ kí wọ́n wọnú sẹ́tìǹgì router kí wọ́n fún méjèèjì lórúkọ ọ̀tọ̀tọ̀ ló kù. Ẹ tún wo ògiri yín o. Àwọn ilé àtijọ́ tó wà lápá Aké àti Ìtòkú, ògiri wọn nípọn, tí router bá wà ní pálọ̀ tẹ́ ẹ wá fẹ́ kan kámẹ́rà mọ́ ẹ̀yìnkùlé, wàhálà lẹ ń rà yẹn. Kẹ́ ẹ tó lu ihò kankan, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ fẹ́ kàn án mọ́, ẹ pa dátà sìm yín, ẹ fi WiFi 2.4GHz yẹn wo fídíò fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Tó bá ń dúró tó ń lọ, bí kámẹ́rà náà á ṣe máa ṣe nìyẹn.

Tí iná bá lọ, router kú, ẹ ò lè rí nǹkan kan lórí fóònù mọ́. Mini UPS, bátìrì kékeré tó ń gbé e ró tíná bá lọ, ló ń gba router sílẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ so kámẹ́rà náà mọ́ ọn, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà kámẹ́rà dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ti WiFi ló jẹ́ 5V, tẹ́ ẹ bá fi 12V tó wà fún router sí i, ẹ ti sun ún. Mẹ́mọ́rì kádì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú kámẹ́rà ló wà, olè tó bá já kámẹ́rà ti gbé ẹ̀rí lọ nìyẹn.

Ẹni tó ń kọ́lé ara ẹ̀, ti wáyà ni kó ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní PoE. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná lọ fún kámẹ́rà tó tún ń gbé fídíò bọ̀ nínú NVR, àpótí tó ń ká fídíò pa mọ́, ó kàn jẹ́ pé kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ. Inverter kan lábẹ́ NVR àti router, gbogbo kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́. Fídíò sì wà nínú yàrá tẹ́ ẹ tì pa, kò sí lára ògiri níta. Kámẹ́rà tí fídíò ẹ̀ ń wọlé ní ìwọ̀n 2Mbps látàárọ̀ mọ́jú á jẹ bíi 21.6GB lójúmọ́, tó bá jẹ́ mẹ́rin, hard disk 1TB á gbé bí ọjọ́ 11 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àtijọ́ rẹ́. Mẹ́mọ́rì 64GB inú ti WiFi ò ní pé ọjọ́ 3 fún ẹyọ kan péré.

Wáyà lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi bíléèdì họ okùn inú ẹ̀, tí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò. Lọ́sàn-án ẹ ò ní mọ̀. Tílẹ̀ bá ṣú tí iná inú kámẹ́rà tàn tó wá ń fa iná sí i, ti ibi géètì tó jìnnà jù á máa kú á máa jí. Ẹ sì fi surge protector, ohun tó ń dènà iná òjijì, sí èyí tó bá gba ìta kọjá, torí ààrá, nílùú tó jẹ́ pé ẹ ò tíì gbẹ́lẹ̀ jìnnà tí ẹ ó ti kan àpáta, ojú òfurufú ni wáyà púpọ̀ ń gbà.

Ti sìm àti sólà, sáìtì àti oko ló wà fún, bí ilẹ̀ tẹ́ ẹ rà sẹ́yìn Ọbantoko tíná ò tíì dé. Oorun ló ń sùn kí bátìrì má bàa tán, ìgbà tí ooru ara èèyàn bá kọjá níwájú ẹ̀ ló ń jí, ìdí nìyẹn tí ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ fi lè fò ó. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i wò, dátà ló ń jẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi oríṣiríṣi sìm dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò níbẹ̀, ẹ kọjú sólà sí gúúsù, ẹ sì máa nu eruku ẹ̀ nígbà ọyẹ́.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ rà, ẹ yí pásíwọ̀ọ̀dù tó bá a wá. Lọ́dún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Mirai wọnú ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti router torí pé pásíwọ̀ọ̀dù iléeṣẹ́ ló ṣì wà lára wọn. Ẹ má sì gbà kí ẹni tó bá yín kan kámẹ́rà fi nọ́ńbà tiẹ̀ ṣí áàpù, tó bá dé ọjọ́ tẹ́ ẹ ò rí i mọ́, ẹ ò ní lè wọlé, òun á sì máa wo pálọ̀ yín. Ẹ da díẹ̀ dúró nínú owó iṣẹ́ ẹ̀, ẹ ní kó padà wá lálẹ́, kẹ́nì kan dúró sí géètì láìtan iná, kẹ́ ẹ wò ó lórí fóònù bóyá ojú onítọ̀hún hàn, lẹ́yìn náà lẹ tó san ìyókù.