Òwú tí wọ́n fi kan èjìká mi

Ibi físíò kan, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi ìdárayá tọ́jú ẹran ara àti oríkèé, ni mo fẹ́ sọ èrò mi nípa rẹ̀. Lóṣù kẹta ọdún tó kọjá ni ọ̀kadà gbé mi ṣubú ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn. Èjìká òsì mi yẹ̀. Níbi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, wọ́n dá a padà sáyè rẹ̀, wọ́n ya X-ray, wọ́n ní eegun ò ṣẹ́, wọ́n fi ọ̀já gbé apá kọ́ mi lọ́rùn, ó di ilé. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá ibì kan kú tipiri lára mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mi ò lè gbé apá sá aṣọ. Ìyá mi ní ká lọ bá tegúntegún. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀, ó mú mi lọ sí ibi físíò tí mò ń sọ yìí.

Àǹtí físíò ò fà mí lápá rárá. Ó ní kí n dijú, ó mú òwú, ó ń fi kàn mí lọ́tùn-ún lósì, kí n máa dáhùn tí mo bá ti mọ̀ ọ́n lára. Ìgbà tí mo lajú, òwú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká òsì mi, níbi tí sójà ń lẹ báàjì mọ́ lára aṣọ, mi ò sì tíì dáhùn. Àyà mi já. Ó ní nẹ́ẹ̀fù (okùn inú ara tó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ ọpọlọ kiri) tí wọ́n ń pè ní axillary ló gba ibẹ̀ kọjá, òun ló sì máa ń fara pa jù tí èjìká bá yẹ̀.

Ó yẹ ìyókù wò: kí n gbé ọrùn ọwọ́ sókè, kí n fi àtàǹpàkò kan ọmọńdinrín, kí n ya ìka. Ó tiẹ̀ wo ìpéǹpéjú mi, torí tó bá wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nẹ́ẹ̀fù lè ti já láti gbòǹgbò lọ́rùn.

Ó ní kí àyẹ̀wò EMG, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá nẹ́ẹ̀fù ṣì ń bá ẹran ara ṣiṣẹ́, dúró di ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí mo ṣubú, torí tí wọ́n bá tètè ṣe é, ó lè tanni jẹ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dunni, owó rẹ̀ ò kéré, mo sì jókòó láti aago mẹ́jọ di méjì. Ìdúró yẹn ò dáa fún ẹni tí apá ń ro.

Ó ní nẹ́ẹ̀fù ń hù padà ní nǹkan bíi mìlímítà 1 lóòjọ́, pé tí oṣù mẹ́ta bá pé láìsí àmì kankan, òun á fi mí ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ. Nínú oṣù kẹta lẹ́yìn tí mo ṣubú ni ẹran èjìká mi kọ́kọ́ fò lábẹ́ ìka rẹ̀. Àwa méjèèjì la pariwo.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn. Ẹ tètè dé, ẹ wọ aṣọ tí kò lápá.